Orí Kẹjọ: Akọ̀wé Tó Mú Àlejò Wọlé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí ní ìbéèrè tó bí orí yìí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré. Lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn kan ti gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn kí wọ́n lè kà á ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà. Ibi tí wọ́n ti ń wá gíláàsì wọn kiri ni wọ́n ti rí bọ́tìnnì kékeré kan tó ń tàn lápá ọ̀tún ojú ìwé náà. Kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ní òun lè ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ ní ṣókí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó rí gíláàsì, àlàyé ti jáde: èyí ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín, èyí ni ti kídìnrín, èyí ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló sọ fún mi pé àlàyé náà ò burú.

Wọ́n wá pè mí. "Àbúrò mi, ẹni tó ka ìwé yìí fún mi, níbo ló ń gbé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wá wò ó."

Mo dé ibẹ̀, mo wò ó. Búráúsà tí wọ́n ti ń lò láti bí ọdún mẹ́wàá náà ni. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní AI, sí i. Ó bá àtúnṣe tuntun wọlé lóru ni, bí àlejò tí onílé jí bá ní pálọ̀ láàárọ̀, tó ti jókòó, tó sì ti ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé.

Kí n tó lè dá wọn lóhùn, mo ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí búráúsà ń ṣe gan-an fún wọn, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé fèrèsé lásán ni, pé ó kàn ń fi ohun tó wà níta hàn wá. Ẹ rántí ayé ìgbà tí àwọn ìyá wa àgbà ò mọ̀wé, tó jẹ́ pé akọ̀wé ló ń bá wọn ka lẹ́tà. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí tó ṣòwò lọ sí Kùmásì á kọ lẹ́tà, á lẹ̀ ẹ́ pa, á fi sítáǹpù lé e. Lẹ́tà náà á gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá dé ọwọ́ ìyá, ìyá á gbé e tọ akọ̀wé lọ. Akọ̀wé á ya á, á kà á sókè. Láti ìgbà náà lọ, akọ̀wé ti mọ iye owó tí ọmọ fi ránṣẹ́, ó mọ̀ pé ìyàwó ti lóyún, ó mọ gbèsè tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi máa ń wádìí ìwà akọ̀wé dáadáa kí wọ́n tó gbé lẹ́tà lọ síwájú rẹ̀.

Búráúsà ni akọ̀wé yẹn. Àmì àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti lẹ lẹ́tà náà pa láti ọ̀dọ̀ báńkì tàbí ilé ìwòsàn títí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà, títí kan ẹni tó ni Wi-Fi tí ẹ ń lò, ò lè kà á. Ṣùgbọ́n inú búráúsà ni wọ́n ti ń ya á. Nígbà tó bá débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti hàn kedere: èsì àyẹ̀wò, owó tó kù ní báńkì, lẹ́tà ìfẹ́, fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ dé ìdajì tí ẹ ò tíì fi ránṣẹ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé sínú búráúsà, ẹ̀yìn àgádágodo ni wọ́n gbé e sí, lọ́dọ̀ yín nínú ilé.

Àwa náà sì ti bá akọ̀wé tó ń gbé lẹ́tà jáde nílé pàdé rí. Ẹni tó bá lo fóònù Nokia kékeré ní nǹkan bí 2009 tàbí 2010 kò lè gbàgbé lẹ́tà O pupa ti Opera Mini. Fóònù ò lágbára nígbà yẹn, dátà sì wọ́n bí ojú. Ohun tí Opera Mini ń ṣe ni pé ojú ìwé tí a fẹ́ kà á kọ́kọ́ gba inú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ Opera kọjá. Wọ́n á ṣí i níbẹ̀, wọ́n á fún un títí á fi kéré, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí wa. A gbà bẹ́ẹ̀ torí pé èrè rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀: dátà tó yẹ kó tán láàárọ̀ á wà di alẹ́. Opera yìí kan náà ló dá OPay sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2018, kí ẹ lè rí bí ẹni tó ni búráúsà ṣe lè sún mọ́ àpò wa tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, torí èmi ò tíì rí ìbéèrè tó dára jù ú lọ láti bi AI tí èèyàn bá bá nínú búráúsà rẹ̀. Níbo ló ń gbé? Ibi méjì ló lè jẹ́.

Ó lè jẹ́ inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín gan-an. AI tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀mí. Fáìlì kan ni, tó kún fún nọ́ńbà, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé kọ́ ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní gbólóhùn, á ṣírò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kàn, á tún ṣírò èyí tó tẹ̀lé e, títí ìdáhùn á fi pé. Bí fáìlì náà bá kéré, ẹ̀rọ yín lè gbé e. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni Firefox, búráúsà Mozilla, ti ń túmọ̀ ojú ìwé láti èdè kan sí òmíràn lọ́nà yìí. Iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Bergamot ló bí i, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sí, tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Edinburgh, ti Charles ní Prague, ti Sheffield àti ti Tartu sì bá Mozilla ṣe. Ẹ dáńlóòdù fáìlì èdè náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ fẹ́ kà, ẹ wá pa dátà yín. Á túmọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò jáde nílé rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n kórìíra AI tó ń ṣe báyìí, mi ò ní gbà, torí mo mọ ohun tó já mọ́ fún ẹni tí ìwé tó fẹ́ kà wà lédè tí kò gbọ́.

Google náà fi AI kékeré kan tó ń jẹ́ Gemini Nano sínú Chrome orí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí Chrome tó dáńlóòdù rẹ̀, àyè tó ṣófo nínú kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ tó GB 22. Ẹ lọ wo kọ̀ǹpútà tókùnbọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ wo iye àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó fíìmù àti iṣẹ́ iléèwé wọn sí i. Àwọn tí AI ilé yìí ò ní lè bá gbé pọ̀. Ti òde ló máa kù fún wọn.

Ti òde yìí ni ibi kejì. Fáìlì tirẹ̀ tóbi kọjá ohun tí kọ̀ǹpútà ilé lè gbé. Inú gbọ̀ngàn ńláńlá tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí láti ilẹ̀ dé àjà ló ń gbé, ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì pé kó ṣàlàyé, búráúsà á da ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé náà kọ, á fi ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn yẹn, ìdáhùn á sì padà wá. Ìrìn àjò náà yára débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun jáde nílé. Ìgbà tí wọ́n á fi tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó lè kà á, bóyá wọ́n á fi kọ́ AI mìíràn, ọwọ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ìyẹn wà. Google fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo Gemini, AI rẹ̀ ti òde, pé kí wọ́n má tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí sínú rẹ̀, tàbí ohunkóhun tí wọn ò bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wò rí. Ó dára pé wọ́n kìlọ̀. Àmọ́ ẹni tí gíláàsì rẹ̀ sọnù, tí bọ́tìnnì sì ń tàn níwájú rẹ̀, kò ní lọ ka ìkìlọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Mo jókòó ti ìlànà àṣírí búráúsà ẹ̀gbọ́n mi fún bíi wákàtí kan kí n tó lè sọ fún wọn pé òde ni ẹni náà ń gbé, pé èsì àyẹ̀wò wọn ti rìnrìn àjò. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní fún ọgbọ̀n ọdún tí àwọn fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ò jẹ́ kí fáìlì aláìsàn kan ṣoṣo jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù láìsí ìbuwọ́lù. Òfin Ààbò Dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó nílò ìṣọ́ra jù lọ. Bọ́tìnnì náà ò sọ èyíkéyìí fún wọn.

Kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Ní oṣù kẹjọ 2025, àwọn olùwádìí láti University College London, yunifásítì California ní Davis àti yunifásítì kan ní Reggio Calabria ní Ítálì gbé iṣẹ́ wọn wá sí àpérò USENIX lórí ààbò kọ̀ǹpútà. Àwọn AI tí èèyàn ń so mọ́ búráúsà ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n ṣe bí ènìyàn lásán tó ń ra ọjà, tó ń kàwé, tó wọ inú ojú òpó ìlera tirẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń kó odidi ohun tó wà lójú ìwé lọ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ni wọ́n. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ń kó ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù.

Ewu kejì yàtọ̀ sí ti àṣírí, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ní 2025, irú búráúsà kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí kì í kàwé fún yín nìkan, tó jẹ́ pé ẹ lè rán an níṣẹ́. Iléeṣẹ́ Perplexity gbé Comet jáde ní oṣù keje, iléeṣẹ́ OpenAI gbé Atlas jáde ní oṣù kẹwàá. Ẹ lè sọ pé kó bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó dáhùn ímeèlì, kó kún fọ́ọ̀mù. Á fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, á fúnra rẹ̀ ṣí ojú ìwé, orúkọ yín ló sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, torí inú búráúsà tí ẹ ti wọlé sí báńkì àti ímeèlì yín ló wà.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ ẹni tó rán an yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ju sí i létí lójú ọ̀nà. AI ò mọ̀ ọ́n yà. Ohun tí ẹ sọ fún un àti ohun tó bá lójú ìwé, ojú kan náà ló fi ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2022 ni Simon Willison, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fún àìlera yìí lórúkọ tí gbogbo ayé wá ń pè é, prompt injection: kí ará òde fi àṣẹ tirẹ̀ há sáàárín ọ̀rọ̀ tí AI máa kà, kí AI sì jẹ́ ẹ bíi pé onílé ló rán an.

Ní oṣù kẹjọ 2025, àwọn òṣìṣẹ́ Brave fi Comet dán an wò, ẹ sì fi sọ́kàn pé Brave náà ń ṣe búráúsà, ó sì ní AI tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Reddit, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ lọ́nà tí ojú èèyàn ò fi ní rí i àfi tó bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣí ojú ìwé náà nínú Comet, wọ́n ní kó ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n bi í. AI ka ojú ìwé, ó ka ti abẹ́ bíbò náà mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lọ sí ibi tí àdírẹ́sì ímeèlì ẹni náà wà, ó mú un. Ó ní kí wọ́n fi OTP, nọ́ńbà ìwọlé tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan, ránṣẹ́. Ó wọ inú Gmail ẹni náà, èyí tó wà ní ṣíṣí, ó ka OTP níbẹ̀. Ó padà sórí Reddit, ó kọ ímeèlì àti OTP síbẹ̀ kí olè lè wá mú un. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kàn ń retí àlàyé ni. Perplexity sọ pé àwọn ti dí ihò náà. Ihò irú rẹ̀ kò tán: nígbà tí Atlas jáde, Dane Stuckey tó jẹ́ ọ̀gá ààbò ní OpenAI fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé prompt injection ṣì jẹ́ ìṣòro tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, iléeṣẹ́ Gartner tó ń gba àwọn iléeṣẹ́ ńlá nímọ̀ràn ní kí wọ́n má tíì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn lo irú búráúsà yìí.

Mo ti gbọ́ ẹni tó ní kò sí nǹkan tó máa ṣe òun, òun ò lówó ní báńkì. Mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ náà wúlò fún olè. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó ní òun wà nínú ìṣòro, ká tó mọ̀ pé wọ́n ti gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́?

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ ó rò pé ọ̀dọ̀ àwọn búráúsà tó ń jẹ́ iṣẹ́ yìí ni inú ti bí àwọn èèyàn jù. Ọ̀dọ̀ Firefox ni. Ó sì yẹ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ìtàn rẹ̀ kọ́ mi ní nǹkan.

Tim Berners-Lee ló kọ búráúsà àkọ́kọ́ ní 1990, ní iléeṣẹ́ ìwádìí CERN. Netscape tẹ̀lé e ní 1994, Microsoft fi Internet Explorer lé e dànù, ó sì ku díẹ̀ kí gbogbo ayé wà lábẹ́ akọ̀wé kan ṣoṣo. Ní 1998, kí Netscape tó kú, ó kó kóòdù rẹ̀ fún gbogbo ayé, ibẹ̀ ni Mozilla ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2004 ni Firefox 1.0 jáde, nígbà tí ó ju èèyàn 90 lọ nínú 100 tó ń lo Internet Explorer. Àjọ tí kì í ṣe fún èrè ló ni ín. Àwọn tó lọ síbẹ̀, wọ́n lọ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi. Lónìí, àwọn tó ń lò ó ò tó 3 nínú 100, Google sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Mozilla ti ń wá, kí Firefox lè máa fi Google ṣe ibi àkọ́kọ́ tí èèyàn ti ń wá nǹkan.

Ní oṣù kejì 2025, Mozilla gbé ìwé àdéhùn tuntun jáde, tí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ dà bíi pé ó fún wọn láṣẹ lórí ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú Firefox. Ariwo ta, wọ́n tún un kọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù keje, AI tó ń bá èèyàn to ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ jọ wọlé, àwọn kan sì ní kọ̀ǹpútà àwọn ń gbóná, báttìrì ń tètè kú. Ní oṣù kejìlá, Anthony Enzor-DeMeo di ọ̀gá àgbà Mozilla, ó sì kéde pé Firefox máa di búráúsà AI ìgbàlódé. Ó sọ pé èèyàn á lè pa á. Kò sẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn kejì yẹn mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: púpọ̀ nínú AI Firefox, inú ilé ló ń gbé. Èyí tó jẹ́ ti òde, ìyẹn chatbot tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, kì í ṣiṣẹ́ àfi kí èèyàn fúnra rẹ̀ yan iléeṣẹ́ tó fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan ni, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ìbínú ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dun àwọn èèyàn ni pé Mozilla ò bi wọ́n léèrè kó tó fi í sí i. Ẹni tó ti sá kúrò nílé mẹ́ta torí àlejò tí a ò pè, tó wá bá àlejò kan náà nílé kẹrin, kò ní dúró béèrè bóyá oníwà pẹ̀lẹ́ ni àlejò yìí. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi. Mozilla gbọ́ ọ nígbẹ̀yìn: nínú Firefox 148, tó jáde ní oṣù kejì 2026, bọ́tìnnì kan ṣoṣo wà tó ń pa gbogbo AI rẹ̀, títí kan èyí tí wọn ò tíì ṣe. Ìbínú àwọn tó ń lò ó ló bí bọ́tìnnì yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti lọ. Búráúsà Vivaldi wà lára àwọn tó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Jon von Tetzchner tó dá a sílẹ̀ wà lára àwọn tó dá Opera sílẹ̀ ní Norway, èyí tó bí Opera Mini tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó fi Opera sílẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kẹjọ 2025 ó sọ ọ́ síta gbangba pé Vivaldi ò ní fi chatbot tàbí AI tó ń ka ojú ìwé fún èèyàn sínú búráúsà rẹ̀ títí wọ́n á fi rí ọ̀nà tó mọ́. Alex Kontos tó ń ṣe búráúsà Waterfox sọ ohun tó jọ ọ́ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan tí àwọn tó ń kó lọ kì í fẹ́ gbọ́. Búráúsà pọ̀ lọ́jà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣí ojú ìwé nínú wọn, mẹ́ta péré ló ṣe pàtàkì: Blink ti Google, WebKit ti Apple, Gecko ti Mozilla. Chrome, Edge, Opera, Brave, Vivaldi, Blink ló wà nínú gbogbo wọn. Waterfox àti LibreWolf, Gecko ni. Ẹni tó sá kúrò nílé Mozilla lọ sí Waterfox, ọgbà Mozilla ló ṣì wà. Bí ihò bá ṣí lára ẹ́ńjìnnì náà, Mozilla ló máa kọ́kọ́ dí i, àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń ṣe Waterfox á wá mú un wọlé tiwọn. Bí Mozilla bá kú, mi ò rí bí wọ́n á ṣe yè é. Lórí iPhone nílẹ̀ wa, ìdí ọ̀rọ̀ tún jìn: ẹ báà dáńlóòdù Firefox, Chrome tàbí Brave síbẹ̀, WebKit ti Apple ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ti fi ipá ṣí ilẹ̀kùn yẹn láti oṣù kẹta 2024. Aṣọ lẹ pààrọ̀, ara kan náà ni. Síbẹ̀ aṣọ náà ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ara aṣọ ni wọ́n rán AI mọ́.

Èmi máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn kó kọ́kọ́ wá bó ṣe lè pa AI náà nínú Settings. Bó bá pa á, tí kò sì padà lẹ́yìn àtúnṣe méjì sí mẹ́ta, kó dúró síbẹ̀. Wàhálà ìkólọ ò kéré. Bó bá ń padà, kó máa lọ.

Ti ẹ̀gbọ́n mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, mo ń kó."

A jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ wọn. Kíkó àwọn ojú ìwé tí wọ́n ti sàmì sí rọrùn; fáìlì kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Páàsìwọ́ọ̀dù ni mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ sí. Búráúsà àtijọ́ á kó wọn jáde sínú fáìlì CSV, ti tuntun á sì gbé e wọlé láti inú rẹ̀. Kí a tó ṣe ìyẹn, mo fi Notepad ṣí fáìlì náà kí wọ́n lè rí i. Ìlà 43 ló wà níbẹ̀. Orúkọ báńkì, àmì kọ́mà, àdírẹ́sì ímeèlì wọn, àmì kọ́mà, páàsìwọ́ọ̀dù lódidi, láìbò, láìdì. Ìlà tó tẹ̀lé e, ti owó ìfẹ̀yìntì. Ìlà tó tẹ̀lé e, ti ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn wa.

Wọ́n ní, "Ṣé inú Downloads ni èyí máa ń wà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó dé ilé tuntun tí fáìlì yìí ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan."

A gbé páàsìwọ́ọ̀dù wọlé. A pa fáìlì náà rẹ́ nínú Downloads, a lọ pa á rẹ́ nínú Recycle Bin. A padà sínú búráúsà àtijọ́, a pa àwọn páàsìwọ́ọ̀dù tó ti fi pamọ́, a wọlé sí àkáǹtì tó ń kó wọn lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, a pa ti ibẹ̀ náà, torí ohun tí ẹ bá pa nílé lè ṣì wà lóde. A wá kiri títí a fi rí ibi tí wọ́n kó ìtàn ọ̀rọ̀ tí AI náà bá wọn sọ sí. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Wọ́n fúnra wọn tẹ bọ́tìnnì tó pa á rẹ́.

Wọ́n wá ṣí ojú òpó ilé ìwòsàn nínú búráúsà tuntun. Apá ọ̀tún ojú ìwé náà ṣófo. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, ìka wọn ń tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó ga díẹ̀ yẹn, wọ́n mú fóònù, wọ́n pe dókítà wọn.